Ohun Kan Ṣoṣo tí Ìyá Àgbà Kò Fura Sí

Lọ́jọ́ fídáù Ìyá Àgbà, obìnrin kan láti Ìbẹ̀fun gbé gàrí wá. Ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń dáná, ó kí àwọn ọmọ olóòkú, ó sì wá ibì kan jókòó sí. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò náà, mo dà á sẹ́nu bẹ́ẹ̀ láìfi omi sí i, bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré. Kí ahọ́n mi tó mọ̀ ọ́n ni eyín mi ti mọ̀ ọ́n. Gàrí Ìyá Àgbà ni. Bẹ́ẹ̀, Ìyá Àgbà ti wà nínú ilẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú àwa tó bí tó lè yan án kó rí bẹ́ẹ̀. Mo wo obìnrin náà láti òkèèrè bó ṣe ń ṣe àmín sí àdúrà àlùfáà. Inú mi kò dùn sí i rárá. Mo ní lọ́kàn ara mi pé obìnrin yìí ti jí nǹkan wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ó yẹ kí ojú tì mí pé irú èrò bẹ́ẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn níbi àdúrà òkú, onítọ̀hún kò mọ ẹni tó tọ́ mi dàgbà ni. Ràbíátù ni orúkọ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ará Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbé, ohun tó sì fi kọ́ mi ju ohunkóhun lọ ni kí n máa fura. Bí ẹ bá kí i tẹ̀ríntẹ̀rín láàárọ̀, yóò dá yín lóhùn dáadáa, àmọ́ bí ẹ bá ti kọjá tán, yóò yíjú sí mi, yóò ní, “Ta ló rán an?”

Bó ṣe wà fún gbogbo nǹkan nìyẹn. Bó bá fẹ́ ránṣọ, yóò mú òwú tirẹ̀ lọ fún télọ̀, yóò sì jókòó tì í títí yóò fi parí. Nígbà tí ayafọ́tò wá ya wá lọ́dún Iléyá kan, ó kọ́kọ́ lọ wo abẹ́ aṣọ dúdú tí ọkùnrin náà ń kì orí bọ̀, kó tó gbà láti jókòó. Bí rédíò bá sọ pé ìjọba ṣọ́jà ti kó ìrẹsì dé èbúté fún gbogbo ìlú, yóò bi rédíò náà pé ta ló rí i. Bí wọ́n bá kéde pé oṣù ààwẹ̀ ti lé, ìta ló ń jáde sí láti fi ojú ara rẹ̀ wò ó, bí òjò bá sì ṣú bo ojú ọ̀run, a jẹ́ pé ààwẹ̀ àfipáṣe ni yóò gbà lọ́dún náà, pẹ̀lú ìkùnsínú. Ìjẹ̀bú ponbele ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Mo ń tún un sọ níhìn-ín kó lè yé tọmọdé tàgbà ni.

Ẹ má rò pé ó burú o. Kò sí ọmọ tí ebi pa kọjá níwájú ilé wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá jẹun tán, yóò bi í léèrè ọmọ ta ni, ta ni ìyá ìyá rẹ̀, kí ló sì dé tí wọn ò se oúnjẹ nílé wọn lónìí.

Ibi tí ìfura rẹ̀ ti le jù ni ìdí gàrí. Gbogbo ayé mọ gàrí Ìjẹ̀bú, àmọ́ ní Ìmùṣin àti agbègbè rẹ̀, gàrí Ìyá Àgbà yàtọ̀. Ó kan dáadáa, ó ta kókó wẹ́wẹ́, bí ẹ bá sì rẹ ẹ́ sómi tí ẹ lọ kírun kí ẹ tó padà dé, ẹ óò bá a tó ṣì ń dún lẹ́nu. Àwọn obìnrin yòókù ń yan tiwọn lábẹ́ àtíbàbà tí kò lógiri, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń gba iná lọ́wọ́ ara wọn. Ìyá Àgbà náà wà láàárín wọn nígbà kan rí. Ìyẹn kó tó di pé obìnrin Ìbẹ̀fun tí mo ń sọ yìí, tó máa ń wá ra ẹ̀gẹ́ ní Ìmùṣin, tó sì ń yan gàrí tirẹ̀ nílé, wá bèèrè ẹyin iná lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó gba iná tán, kò lọ. Ó dúró, ó ń wo inú agbada. Ìyá Àgbà ní ojú tó fi wò ó kì í ṣe ojú ẹni tó wá gbaná.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló pe àwọn tó ń mọ ilé. Wọ́n mọ ògiri yí àtíbàbà rẹ̀ ká lọ́tùn-ún, lósì, lẹ́yìn àti níwájú, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí i tó jẹ́ pé èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé. Kò sí fèrèsé. Bí wọ́n bá béèrè pé èéfín ńkọ́, á ní èéfín mọ ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Inú ilé yẹn ló ń wọ̀ láàárọ̀, tí á sì ti ilẹ̀kùn, tí a ó sì máa rí èéfín tó ń gba inú koríko òrùlé yọ díẹ̀díẹ̀. Àwa ọmọ ilé gan-an kò gbọ́dọ̀ wọlé bó bá ń yan án. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti dárúkọ obìnrin náà mọ́. “Ará Ìbẹ̀fun yẹn” ló ń pè é, bí ẹni pé òun nìkan ló ń gbé ní Ìbẹ̀fun.

Nígbà tí ikọ́ dé, Ìyá Àgbà wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ikọ́ náà kò wá lójijì. Ó kọ́kọ́ ń wá láàárọ̀ nìkan, ó wá di tàárọ̀-tọ̀sán, nígbà tó sì yá, bí Ìyá Àgbà bá ti ẹ̀yìnkùlé rìn dé iwájú ilé, á dúró, á fọwọ́ ti ògiri, á máa wá èémí bí ẹni tó gun òkè. Àwọn kan ń sọ lábẹ́nu pé ikọ́ ife ni. Òun ní rárá, ata tí aládùúgbò wa ń lọ̀ ni. Lẹ́yìn ata, ó kan sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń kọ́lé Alájì lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, ó kan ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, Ráṣídì, tó ń gbé Èkó, wá kí wa, ó sì tan sìgá ní ìta. Ìyá Àgbà lé e lọ kó tó mu ún dé ìdajì, ó ní èéfín rẹ̀ ti wọ òun láyà. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ lórí ba, ó wọ ilé ààrò rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Èmi ni mo mú un lọ sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde. Dókítà tó gbà wá kò tíì dàgbà púpọ̀, ọmọ Ayépé ni. Kó tó gbà kó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí sí òun lẹ́yìn, Ìyá Àgbà ti bi í léèrè agbo ilé wọn, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, àti ìdí tí kò fi tíì gbéyàwó. Dókítà náà dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ó wá ṣàlàyé pé ikọ́ ife kọ́, ikọ́ fée tó máa ń ṣe ọmọdé náà kọ́. Ó ní àwọn ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ló ti dín, tí ohun tó wà níbẹ̀ sì ti bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pé oògùn kò lè dá èyí tó ti bàjẹ́ padà, ṣùgbọ́n ó lè la ọ̀nà tó ṣẹ́ kù. Ó bi í pé ṣé ó máa ń mu sìgá. Ìyá Àgbà wò ó títí ojú fi ti ọmọ náà. Ó bi í pé irú igi wo ló fi ń dáná. Ìyá Àgbà ní kí ló kan igi, ṣé igi ló gbé wá sọ́dọ̀ dókítà ni.

Ìgbà náà ni ìjàkadì oògùn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní oníhóró, èyí tó ń gbé mì. Ó lò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó ní òun kò jalè, kí ló dé tí àyà òun yóò fi máa já. Ó pa á tì. Abẹ́rẹ́ ló fẹ́ràn. Ó ní abẹ́rẹ́ ń dunni, nítorí náà èèyàn mọ̀ pé nǹkan wọlé. Dókítà ní a kò lè máa gún un lójoojúmọ́, pé oògùn tó bá lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró ló dára jù fún irú àìsàn yìí, ó sì kó oríṣi mẹ́ta sórí tábìlì.

Àkọ́kọ́ jẹ́ kápúsù, àmọ́ wọn kì í gbé e mì. Inú ike kékeré kan ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á yí ike náà, kápúsù á là, èèyàn á sì fa ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú àyà. Dókítà kò tíì sọ̀rọ̀ náà dé ìdí tí Ìyá Àgbà fi dìde. Ó ní, “Láti ìgbà tí mo ti ń sẹ́ gàrí ni mo ti ń fi gèlè bo imú kí ìyẹ̀fun má bàa wọ̀ mí láyà. Ìwọ wá ní kí n fà á?” Dókítà rọ̀ ọ́ títí. Nígbà tí a délé, ó ṣí kápúsù kan, ó da inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka rà á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Ó ní wọn ò sẹ́ ẹ dáadáa. Bí ti kápúsù ṣe tán nìyẹn.

Èkejì ni agolo kékeré tó wà nínú ike aláwọ̀ ojú ọ̀run, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tí yóò fọ́n sẹ́nu. Ìnhélà ni dókítà pè é. Èèyàn ní láti tẹ̀ ẹ́ kó sì mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Àgbà ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ pé nǹkan fọ́n sí òun lọ́nà ọ̀fun, á pa ẹnu dé. Kì í jẹ́ kí nǹkan tí kò mọ̀ wọlé bẹ́ẹ̀. Ó ní ó tutù, ó sì ti lọ, pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà fún òun. N kò sì lè bá a jiyàn tán, nítorí lásìkò yẹn, ọjà òkèèrè wọ́n, ayédèrú oògùn kún inú ọjà, àwọn aláìsàn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti sọ fún un ní ọsibítù pé kó máa ju agolo náà sínú abọ́ omi láti mọ̀ bóyá ó ti ṣófo. Gbogbo ìgbà ló ń jù ú sómi. Mo máa ń bá a níbi tó ti tẹjú mọ́ abọ́, tó ń dúró kí agolo náà jẹ́wọ́.

Ẹ̀kẹta jọ èkejì, àwọ̀ ilẹ̀ ni ike tirẹ̀. Èyí ni ó ní láti máa lò láàárọ̀ àti lálẹ́, yálà àyà há a tàbí kò há a, kó sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí ló fi sílẹ̀ sí òun lẹ́nu tí òun fi gbọ́dọ̀ yọ ọ́? Ó tún ní oògùn tí wọ́n ń lò nígbà tí kò sí ohun tó ń ṣèèyàn, tí èèyàn kò sì mọ̀ ọ́n lára lẹ́yìn tó lò ó tán, ọgbọ́n wo ló wà níbẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé aláwọ̀ ojú ọ̀run ń la ọ̀nà kíá, pé èyí ń pẹ̀tù sí inú àyà díẹ̀díẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ìyá Àgbà gbà á, kò gbà á gbọ́.

Dókítà ọmọ Ayépé yẹn ní sùúrù ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó mú ike ọsàn olómi kan tó mọ́ gaara, ó fi ọ̀bẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, ó ki ẹnu ìnhélà bọ ihò náà. Ó ní, “Ìyá, ẹ má tíì mí. Ẹ kàn máa wò ó.” Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan funfun fẹ́ wá sínú ike náà, ó sì dúró síbẹ̀ bí ìkùukùu òwúrọ̀. Ìyá Àgbà sún mọ́ ọn. Ó wò ó títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, ó ní kó tún un tẹ̀. Ó ní, “Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.” Ìgbà yẹn ló gbé ẹnu ike náà sẹ́nu, ó rọra ń mí, ó ń fa ohun tó ti fojú rí. Kí a tó dé ibùdókọ̀, ó ti rìn kọjá ibi tó máa ń dúró sí, kò sì dúró. Mo dá ẹkún mú nítorí kó má bàa bi mí pé ta ló nà mí.

Láti ọjọ́ náà ni ike ọsàn ti di ẹrù rẹ̀. Inú aṣọ kan ló ń dì í sí. Bó bá fẹ́ lò ó, á gbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò ó kó tó mí. Inú wa dùn, a rò pé ogun ti parí. Ṣùgbọ́n bó bá ti mí tán, á fi gèlè nu ike náà, á gbé e dání, á sì wọ inú ilé ààrò rẹ̀ lọ, á ti ilẹ̀kùn.

Lásìkò ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi tó wá kí i láti Ìjẹ̀bú-Òde ló ṣí ilẹ̀kùn náà nígbà tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ agbada ló bá a, ètè rẹ̀ ti dúdú. A gbé e sínú takisí lọ sí ọsibítù, dókítà náà sì ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá, tó ń sọ oògùn olómi di kùrúkùrú, tí wọ́n ń fi ohun ìbomú gbé fún aláìsàn. Bó ṣe rí ohun funfun tó ń rú bò ó lójú, Ìyá Àgbà tó ń wá èémí yìí já ìbomú náà sọnù. Ó ní, “Èéfín ni! Ẹ fẹ́ fi èéfín pa mí.” Nọ́ọ̀sì fẹ́ dì í mú. Dókítà ní kó fi í sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyá, oògùn nìyí o, ẹ sì fura sí i. Èéfín gidi wà nílé yín, ẹ ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín pẹ̀lú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò fura sí ìyẹn?”

 Ìyá Àgbà na ọwọ́, ó gba ìbomú náà, ó fi sí imú fúnra rẹ̀.

Nígbà tó padà sílé, ìyá mi ní kó kó wá bá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó fi gàrí sílẹ̀. Ìyá Àgbà ní ìyá mi ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ilé ni. Dókítà ti sọ fún un pé gbogbo ìnhélà ayé kò ní lè bá ilé ààrò yẹn jà, pé bí kò bá lè fi iná sílẹ̀, kó gbé e síta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Mo mọ ohun tó ń dà á láàmú. Bó bá fi gàrí sílẹ̀, kí ló kù tí wọ́n yóò máa fi pè é? Bó bá sì gbé e síta, gbogbo Ìmùṣin yóò rí ohun tó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣọ́. Ó jókòó ti ike rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló pè mí, ó ní kí n lọ sí Ìbẹ̀fun, kí n lọ pe Mọríámọ̀ wá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí n óò gbọ́ orúkọ ará Ìbẹ̀fun yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tó wá gbaná nìyẹn. Mo bi í pé kí ni kí n sọ fún un. Ó ní kí n sọ pé òun ń pè é. Nígbà tí mo jíṣẹ́, òun náà fura, ó bi mí pé kí ni òun ṣe. Ṣùgbọ́n ó wá.

A bá Ìyá Àgbà níwájú ilé ààrò, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi ọkọ́ náà lu ògiri díẹ̀, amọ̀ díẹ̀ ti já, ó sì ti ń fọwọ́ ti ibi tó fẹ́ wó. Obìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. Ìyá Àgbà na ọkọ́ sí i.

Ó ní, “Ìwọ lo fẹ́ wo inú rẹ̀. Wó o.”

Màmá Ìbẹ̀fun, bí mo ṣe ń pè é láti ọjọ́ náà, wò mí, mo wo ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ògiri náà. Èmi náà bá a wó o. Èéfín tó ti lẹ̀ mọ́ amọ̀ náà láti ọdún gbọọrọ dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ń bọ́ sílẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Ìyá Àgbà wo ìyẹn náà, ó wò ó dáadáa. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣí tán pátápátá, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé, ó ní kí a dáná. Ó yan gàrí níwájú wa. Mo rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ó ń yan án lẹ́ẹ̀mejì, pé á kọ́kọ́ fi iná tó ń jó yan án, á kó o sílẹ̀ kó sinmi, á wá da eérú bo iná náà kó tó da gàrí padà sínú agbada. Iná abẹ́ eérú yẹn ló ń rú èéfín jù. Ohun tó ń mú gàrí rẹ̀ dùn ló ń pa á.

Mo gbọ́ tí Màmá Ìbẹ̀fun sọ pé, “Ìyá, bí a ṣe ń yan tiwa náà nìyí.” Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Mo rò pé Ìyá Àgbà ti ba àyà rẹ̀ jẹ́ lásán fún ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Mo gbé garawa, mo lọ pọnmi, n kò sì gbọ́ èsì rẹ̀.

Ìyá Àgbà tún ṣe ọdún Iléyá mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò padà sípò, dókítà kò tàn wá rí. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ló jókòó sí títí tó fi kú, ike rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bi àwọn tó ń kọjá lọ pé ta ló rán wọn.

Nítorí náà, nígbà tí àlùfáà parí àdúrà fídáù, mo gba ẹ̀yìn àwọn èèyàn lọ bá Màmá Ìbẹ̀fun. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní gàrí tó gbé wá yìí. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ni, lọ́jọ́ tí a wó ògiri. Mo ní, àbí òun kọ́ ló sọ lójú mi pé bí wọ́n ṣe ń yan tiwọn náà nìyẹn?

Ó ní, “Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi. Mo rí i bó ṣe ń wá èémí. N kò fẹ́ kó mọ̀ pé nǹkan ńlá ti bọ́ lọ́wọ́ òun.”

Mo bi í pé kí ni Ìyá Àgbà wá sọ.

Ó tún gèlè rẹ̀ wé kó tó dáhùn. Ó ní Ìyá Àgbà gbé ike rẹ̀ sẹ́nu, ó mí, ó gbé e kalẹ̀, ó wo òun lójú, ó ní, “Mo mọ̀ pé irọ́ lò ń pa. Jókòó, kí o wò ó dáadáa.”